Aṣọ Ìràwọ̀ Tí Gordy Kọ̀ Láti Tà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé eré ìsinmi ni pókà, eré káàdì olówó yẹn, ẹ bi í bóyá ó ti jókòó ti Gordy Tollefson rí. Láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo ti wà lórí àga, tí ìdí ń ro mí. A tó àádọ́rin nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní ilé tẹ́tẹ́ ìlú wa. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ku àwa mẹ́ta: èmi Leota, tí mo ti dáná fún ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, Gordy, tó ń gbin àlìkámà lápá àríwá, tí a jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà, àti Nenita, nọ́ọ̀sì ará Filipíìnì tó ti pẹ́ ní ọsibítù wa débi pé kò sí ẹni tí kò tíì gún lábẹ́rẹ́. Yìnyín ti ń já lóde. Gordy ń wo owó ike tí a fi ń ta káàdì, tó tò síwájú rẹ̀ bí òkìtì, Nenita ń wo fèrèsé. Èmi, ògiri ni mò ń wò.

Aṣọ ìràwọ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ sára ògiri yẹn, aṣọ ìbora tí a fi ègé aṣọ wẹ́wẹ́ rán di ìràwọ̀ ńlá onígun mẹ́jọ. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn owó, ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọ́n máa ń fi í bò léjìká, tí wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Tọdún yìí pupa láàárín, ó wá ń ṣí díẹ̀díẹ̀ di àwọ̀ ọsàn, ó di òféfèé, tó fi dé igun. Mo mọ gbogbo àwọ̀ yẹn. Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé màmá mi lọ sí ìlú Minot lọ rà wọ́n, èmi ni mo nàka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí igbá. Màmá mi ló rán an. Tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ tèmi, kí ẹ má baà rò pé ojúkòkòrò ń ṣe mí. Màmá mi ti rán aṣọ ìràwọ̀ fún gbogbo àbúrò mi. Wọ́n rán fún àwọn ọmọ àbúrò mi, wọ́n rán fún ọmọ ọmọ àbúrò mi. Wọ́n rán fún òkú, wọ́n rán fún sójà, wọ́n rán fún pásítọ̀ kan tí kò pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Èmi àkọ́bí, “Tìẹ ń bọ̀, Leota.” Ní gbogbo ìgbà tí tèmi bá ń bọ̀, ẹnì kan á pàdé rẹ̀ lọ́nà, á sì gbé e lọ. Èyí tó dùn mí jù ni aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó ti wà nínú ọkọ̀ mi tán. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ Gordy, Darrin, kán lẹ́sẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, nígbà tí ilé ìwé wọn ń bá tiwa gbá a. Màmá mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sáré jáde, nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fi aṣọ mi bo ọmọ yẹn lórí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé e lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹ̀yà wa nìyẹn, a máa ń bọlá fún ọmọ ẹni tí a bá figagbága. Mo mọ̀. N kò ní wọ́n ṣe ohun tó burú. Àmọ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí báyìí, n kò sì ní ẹyọ kan.

Ọwọ́ màmá mi ti wá ń gbọ̀n. Fúnra wọn ló sọ pé èyí tí a ra aṣọ rẹ̀ ní Minot yìí ló máa kẹ́yìn. Mo ń retí rẹ̀, mo ń retí rẹ̀, àfi bí mo ṣe wọ ilé tẹ́tẹ́ lọ jẹun lọ́jọ́ kan tí mo rí i lára ògiri. Ara mi bù máṣọ. Mo lọ bá Marlys, ọ̀gá tó ń darí ìdíje, mo ní èló ni, kí n san án. Ó ní, “Leota, a ti fi sára ìwé ìpolówó. Ẹni tó bá jẹ ló ni ín.” Mo bá sanwó, mo wọ ìdíje náà. Ìdí tí mo fi jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn. Owó ò sí lọ́kàn mi rárá, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún lórí tábìlì pókà? Bí wọ́n bá ti mọ ohun tí o fẹ́, o ti gbé.

Gordy ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pínpín wá. Ó na apá, ó yán.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, yìnyín yìí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká pín owó yìí?”

Marlys dá aago dúró, ó fa àga wá sáàárín wa. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, gbogbo wa gbọ́dọ̀ gbà. Bí ẹnì kan bá ní rárá, ó parí nìyẹn. Èkejì, ohun kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù tí a ó máa ta káàdì lé lórí, kí ìdíje má baà di òfìfo.

“Báwo lẹ ṣe fẹ́ pín in?” ló bi wá.

“Bí owó ike ṣe wà níwájú kálukú,” ni Gordy wí. “Ká dá gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, mo ní mẹ́fà, Nenita ní mẹ́ta, Leota ní ẹyọ kan. Kò sí wàhálà níbẹ̀.”

Marlys tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀. “Gordy, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là ó lé. Nenita, méje ó lé. Leota, kò tó méjì ààbọ̀.”

Mo bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn, kì í ṣe ti inú dídùn.

“Gordy, jọ̀ọ́, èló lẹni tó bá ṣe ipò kìíní máa gbà?”

“Ẹgbẹ̀rún méjìlá.”

“Ìwọ tí o ò tíì jẹ, mẹ́rìnlá lo fẹ́ gbà. Ṣé Ọlọ́run ló máa fi ìyókù kún un ni? Èmi nìyí, bí mo bá dìde báyìí tí mo fa káàdì mi ya, ipò kẹta ni mo ṣe, márùn-ún ni wọ́n máa kà sí mi lọ́wọ́. Ìwọ wá fẹ́ kí n buwọ́ lùwé gba méjì! Ṣé mo jọ ẹni tí àlìkámà bọ́ lù lórí?”

Nenita fọwọ́ bo ẹnu. Etí Gordy pọ́n wẹ̀ẹ̀.

“N kò rò ó débẹ̀,” ló ní.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kò rò ó débẹ̀ lóòótọ́. Ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń ṣe àṣìṣe yẹn, ẹni tí òkìtì tirẹ̀ bá ga jù ló sì máa ń ṣe é. Á rí ike tó pọ̀ níwájú rẹ̀, á gbàgbé pé àwa tó kù ti ní ohun kan lápò tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà mọ́. Àmọ́ n kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, “Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé o, Gordy.”

“Mo ti gbọ́, Leota. Mo ti gbọ́.”

Marlys ní ká jẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun bá wa ṣe é. Márùn-ún tí kálukú ti jẹ tán ló kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, ó wá pín ìyókù gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí kálukú jẹ. Ohun tó bọ́ síta nìyí: Gordy, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, Nenita, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àti ọ̀ọ́dúnrún, èmi, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé díẹ̀.

“Kò sí ìrẹ́jẹ nínú fọ́tò,” ni Marlys wí. “Bí ẹ ṣe jókòó lẹ ṣe bá ara yín.”

Nenita ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Gordy mi orí, ó ní ó tẹ́ òun náà. Wọ́n wá kọjú sí mi. Àsìkò tí mo ń retí ti tó wàyí. Mo họ etí, mo mu kọfí tó ti tutù, mo wá sọ ọ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ́kàn mi ni.

“Ó dáa. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú tèmi, kí ẹ̀yin méjèèjì pín in. Mo kàn máa mú aṣọ ara ògiri yẹn. A ó máa ta káàdì lórí páálí ìrántí tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó jẹ sí.”

“Àǹtí, ẹ máa mú u,” ni Nenita wí lójú ẹsẹ̀. “Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ owó yín níbẹ̀.”

Gordy kò wo ojú mi. Ó ń fi ọwọ́ to owó ike rẹ̀. Ó ní, “Rárá.”

“Kí ló dé?”

“Owó là ń pín. Aṣọ yẹn ò sí lára ohun tí à ń pín.”

Ẹ wo ojú mi tí mo fẹ́ fi bo ohun tí mò ń wá! Mo ní, “Ìwọ nìkan gba gbogbo ẹgbẹ̀rún kan yẹn, Nenita ò fẹ́.”

“Rárá, Leota.”

“Gba gbogbo ohun tó lé lórí márùn-ún mi.”

“Leota, mo bẹ̀ ọ́, má dárúkọ owó sí aṣọ yẹn mọ́.”

Ó bẹ̀ mí! Ẹ gbọ́ ọ o, ó bẹ̀ mí. Ibẹ̀ ni mo ti tú u sílẹ̀. Mo ní, “Ṣé ọ̀kan tó wà nílé yín ò tó yín ni? Ẹ fẹ́ mú ìkejì, kí ẹ fi wọ́n ṣe kọ́tìnì? Ilẹ̀ rẹ ò lópin, àlìkámà rẹ ò lópin, ìwọ tó jẹ́ pé láti kíláàsì kẹta lo ti ń jí pẹ́ńsù mi!” Ẹni tó ń pín káàdì fún wa ń wo bàtà ara rẹ̀. Gordy gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ìyẹn tún wá bí mi nínú ju kó bú mi lọ.

Marlys ní, “Ṣé ẹ máa pín owó ni, àbí ká máa ta káàdì lọ?”

Mo mọ̀ pé èmi náà lè sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àbá Gordy á sì fọ́ yángá, ká jọ pàdánù. Ó wà lẹ́nu mi. Nenita wá fọwọ́ kan ọwọ́ mi.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Alẹ́ òní ni mo máa wọṣẹ́, ọ̀nà ti ń dí. Mẹ́jọ yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú màmá mi ló wà níbẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún márùn-ún tí mo ti rí wọn.”

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo mú bírò, mo buwọ́ lùwé. Gbogbo wa buwọ́ lùwé. Owó ti tán nílẹ̀. Aṣọ màmá mi nìkan ló kù tí a ó ta káàdì lé lórí, tí owó ike tèmi sì jẹ́ ẹyọ kan nínú mẹ́wàá.

Mo gbàdúrà ṣá. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí káàdì tó dáa wá sọ́wọ́ mi, mo kó gbogbo ohun tí mo ní sílẹ̀. Gordy tẹ̀ lé mi, mo jẹ ẹ́. Kò pẹ́ sí i, Nenita, tí ọkàn rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ wo tirẹ̀ mọ́ tó fi ń jù ú sílẹ̀. Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, owó ike rẹ̀ bá tán. Ó dìde, ó fò fáyọ̀. Kò lọ, ó ní òun fẹ́ wo bó ṣe máa parí. Mo wo iwájú mi, mo wo iwájú Gordy. Owó ike wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tirẹ̀ kàn fi díẹ̀ lé tèmi.

Káàdì méjì tó tún wọlé fún mi, mẹ́sàn-án méjì. Mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gordy wo tirẹ̀, ó wo mí, ó wo ògiri, ó ní, “Mo tẹ̀ lé ọ.” A ṣí i sójú táyé. Ọba kan àti oníméjì jákujàku kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo wà lókè! Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta sórí tábìlì, kò sí ọba níbẹ̀. Wọ́n ṣí ìkẹrin, kò sí ọba. Mo ti ń rí ara mi tí mo ń ká aṣọ yẹn. Wọ́n ṣí ìkarùn-ún. Ọba ni, ọba tirẹ̀ bá di méjì, ó sì ju mẹ́sàn-án méjì tèmi lọ.

“Ọpẹ́ o,” ni Gordy wí wẹ́lẹ́, ó sì di ojú.

Ọpẹ́ o! Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dọ́là, n kò ní nǹkan kan. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí pé wọ́n kọ́ mi nílé, mo wá ń wá ẹ̀wù òtútù mi lábẹ́ àga kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú mi. Mo gbọ́ tí Marlys ń gun àkàbà láti tú aṣọ náà sílẹ̀. Mo gbọ́ tó ní, “Gordy, dúró síbí ká fi bò ọ́, ká ya fọ́tò.”

“Gbé e fún mi ná,” ni Gordy wí.

Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí nǹkan wúwo kan bà lé mi léjìká, ó gbóòórùn inú àpótí màmá mi. Mo gbé ojú sókè. Gordy ló dúró síwájú mi, ó ń fa igun aṣọ náà pọ̀ mọ́ mi láyà, ọwọ́ àgbẹ̀ ńlá yẹn ò mọ bó ṣe máa ṣe é.

“Kí ni ò ń ṣe?” ni mo bi í.

“Mò ń bò ọ́ láṣọ. Dúró dáadáa.”

“Mo ní kí o tà á fún mi, o ní rárá!”

“Mo kúkú ní rárá. Leota, ọjọ́ tí ọmọ mi ń ké lórí ilẹ̀ yẹn, ìyá rẹ ò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó fi bò ó ni, Darrin sì dákẹ́. Aṣọ náà ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí dòní, ọmọ rẹ̀ ló ń bò ó báyìí. Kí èmi wá gba owó aṣọ ìràwọ̀ lọ́wọ́ ọmọ obìnrin yẹn? Ìyàwó mi á lé mi jáde nílé. Òun ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, o ń lọgun, ‘Tèmi nìyẹn! Tèmi nìyẹn!’”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì ń sunkún, inú sì tún ń bí mi pé mò ń sunkún.

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?”

“O fún mi láyè? O ti gbé mi dé kíláàsì kẹta! Bí o bá jẹ, tìẹ ni. Bí mo bá jẹ, tìẹ ni. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni Nenita.”

“Èmi náà kẹ̀!” ni Nenita ké láti ẹ̀yìn. “Èmi tí mo ti ní kí wọ́n máa mú u! Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé tiwọn ni.”

Mo jókòó. Mo mí kanlẹ̀, irú èyí tí n kò mí láti ìgbà tí mo ti rí aṣọ yẹn lára ògiri. Ara tù mí. Gordy gba páálí ìrántí tirẹ̀, èmi wà nínú aṣọ, Nenita wà láàárín wa, Marlys ya fọ́tò. Mo ní kí Gordy dárí jì mí ní ti kọ́tìnì yẹn. Ó ní òun gbà, àmọ́ pé òun ò jí pẹ́ńsù ẹnikẹ́ni o, ó ní Duane tí a jọ wà ní kíláàsì ló jí i.

Màmá mi wà níbi ìjẹun iwájú ilé tẹ́tẹ́ náà, níbi tí mo fi wọ́n jókòó sí ti ọbẹ̀ ẹran àti búrẹ́dì díndín. Wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ta ló fi bò ọ́?”

“Gordy ni.”

“Ó ṣeun. Ó mọ̀ ọ́n ṣe.” Wọ́n fa etí aṣọ náà mọ́ra, wọ́n fi àtàǹpàkò wá ibì kan. “Wo ibí, ó wọ́. Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́ nígbà tí mo débẹ̀.”

“Màmá, kí ló dé tí ẹ fi fún wọn? Ẹ mọ̀ pé tèmi ni. Ẹ sọ fún mi pé tèmi ló kàn.”

“Wọ́n béèrè.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ìwọ ò béèrè rí.”

“Màmá! Mo lọgun débi pé ìyàwó Gordy gbọ́!”

“Ariwo lo pa,” ni màmá mi wí, wọ́n gbé ọbẹ̀ wọn mu. “O bú mi, o bínú, o ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì. O ò béèrè.”

Mo rántí bí mo ṣe bi Marlys pé èló ni. Mo rántí bí mo ṣe ní kí Gordy gba ẹgbẹ̀rún kan, n kò béèrè. Mo di màmá mi mú, mo mú wọn jáde lọ sínú yìnyín.

Ẹ̀rọ tó ń mú ooru wá nínú ọkọ̀ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó ti bàjẹ́ láti oṣù kọkànlá. Mo bọ́ aṣọ náà, mo tẹ́ ẹ lé àwa méjèèjì lẹ́sẹ̀ kí n tó ṣíná ọkọ̀. A ò tíì dé ojú ọ̀nà ńlá tí màmá mi fi fà á, tí wọ́n tún fà á, tó fi jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn, ó dé wọn lágbọ̀n. Òtútù ń bu eékún mi jẹ. Mo ti la ẹnu láti lọgun. Mo pa á dé.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè rí díẹ̀ gbà níbẹ̀?”

“Kí ló wá le níbẹ̀?” ni wọ́n wí. Wọ́n gbé ìdajì rẹ̀ wá, wọ́n fi bo eékún mi, wọ́n sì fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ itan mi kó má baà yọ̀. Wọn ò gbé ọwọ́ náà kúrò títí a fi délé.